Kásẹ́ẹ̀tì Màmá Àgbà

Ìyá tó bí bàbá bàbá mi ni gbogbo ilé wa ní àdúgbò Kalley ń pè ní Màmá Àgbà. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti gbé e níyàwó wá sí Niamey ní Niger, nígbà tí kò tíì sí afárá lórí odò. Òun nìkan ṣoṣo ló mọ oríkì ilé wa délẹ̀. Àwa tí wọ́n bí síbí, Zarma àti Haúsá la fi ń bú ara wa. Ìlà méjì péré la mọ̀ nínú oríkì náà, lẹ́yìn èyí a ó máa kùn bí ẹni tó gbàgbé súrà.

Àwọn ológun ló ń ṣèjọba nígbà náà, owó yuréníọ́mù sì ń wọlé. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń wà á ní Arlit, òun ló ra rédíò tó ń gba ohùn sílẹ̀ wá fún wa. Láti ìgbà náà la ò ti kọ lẹ́tà sílé ní Ògbómọ̀ṣọ́ mọ́. Kásẹ́ẹ̀tì kan ló ń lọ tó ń bọ̀ lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò aṣọ. Tí tiwọn bá dé, a ó gbọ́ ọ, a ó sì gba tiwa lé e lórí. Ojú kan náà la ń lò. Kùránì ló wà ní òdìkejì, ta ló máa pa á rẹ́?

Èmi ni mo máa ń gbé rédíò sí Màmá Àgbà lẹ́nu. Lọ́jọ́ tó wá di ìkẹyìn, kò kí ẹnì kankan. Ó ní, "Jẹ́ kó máa yí," ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ki oríkì, láti orí baba ńlá wa dé orí èmi, títí ohùn rẹ̀ fi há.

Ẹ̀gbọ́n mi wà nílé. Ó ní kí n ṣẹ́ eyín kékeré tó wà lẹ́yìn kásẹ́ẹ̀tì náà, kí ẹnikẹ́ni má baà lè gba ohun mìíràn lé e lórí.

Mo ní, "Kí ni àwọn ará ilé á wá fi dá wa lóhùn? Olówó Arlit, ẹ rọra o."

Mi ò ṣẹ́ ẹ, mo fà á lé oníṣòwò lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Ọgbọ́n àgbọ́njù ní ń pa òdù ọ̀yà. Títí di òní, inú ń bí mi sí ara mi.

Kò pé oṣù kan lẹ́yìn náà tí Màmá Àgbà kú. Nígbà tó ku ọjọ́ méjì kí ogójì ọjọ́ rẹ̀ pé, oníṣòwò kan gbé kásẹ́ẹ̀tì náà dé. Ó ti kúrò nílé kí ìròyìn ikú tó débẹ̀. Mo mọ̀ pé wọ́n á ti fèsì lé e lórí, àmọ́ èsì wọn kì í gùn. Mo gbà pé ìparí oríkì náà á ṣẹ́ kù.

Bàbá mi sọ fún olórí àdúgbò ṣáájú, nítorí àwọn ológun kì í fẹ́ ká ṣàdédé kó èèyàn jọ. Lọ́jọ́ ogójì náà, àwọn ẹbí wá láti àdúgbò Banifandou àti Lamordé. Nígbà tí àlùfáà ṣàdúà tán, bàbá mi ní, "Ẹ jẹ́ ká gbọ́ Màmá."

Ohùn àbúrò bàbá mi ló kọ́kọ́ jáde: "Màmá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o! A gbọ́ oríkì, gbogbo wa sunkún." Ìyàwó rẹ̀ gbà á. Àwọn ọmọ gbà á. Ewúrẹ́ ké. Ẹni kan á dágbére, màá gbójú sókè, ẹlòmíràn á tún bẹ̀rẹ̀. Ìyá mi ń sọ pé, "Sai hankuri, ẹ ní sùúrù, kò ní pẹ́ tán."

Obìnrin kan ló sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Ó ń rẹ́rìn-ín.

"Màmá, ẹ má bínú o. Inú wa dùn jù, a ti sọ̀rọ̀ bo gbogbo oríkì yín. Kò séwu, ẹnu yín ló ti wá. Tẹ́ ẹ bá ń dáhùn, ẹ bá wa kì í lẹ́ẹ̀kan sí i."

Kásẹ́ẹ̀tì náà dúró.

Bàbá mi kọjú sí mi. "Ìwọ lo sún mọ́ ọn jù. Kì í fún wa."

Mo kúnlẹ̀, mo ki ìlà méjì. Gbogbo ilé ń dúró de ìkẹta.