Ẹní Kòkó Tó Mú Ẹsẹ̀ Mi Tọ́

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí mi ò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́rin lọ, mi ò mọ bí oòrùn ọ̀sán ṣe ń rí lára. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin ọmọ mi. Olùkọ́ ni bàbá mi, Òkè-Ìlá ní Adó níbí la sì ń gbé. Ìyá mi ti sin ọmọ méjì kó tó bí mi, ẹ̀rù sì ń bà á pé ojú ayé á mú èmi náà lọ. Inú yàrá ló ń tọ́jú mi sí, ó fa kọ́tìnnì bo fèrèsé. Bí a bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, á wé mi láti orí dé ẹsẹ̀. Mo mọ́ tónítóní lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi méjèèjì wọ́, bí mo bá sì rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó ti rẹ̀ mí. Mo gbọ́ tí bàbá mi ń sọ pé bóyá ni màá lè fẹsẹ̀ rìn lọ sílé ẹ̀kọ́ láé. Ó dùn mí gan-an.

Nọ́ọ̀sì tó ń wọn àwọn ọmọ ní ìlú yẹ̀ mí wò, ó ní egungun mi ló rọ̀, kí wọ́n máa gbé mi sí oòrùn, kí wọ́n máa fún mi ní ẹja àti ẹyin. Ìyá mi dúpẹ́, ó gbé mi wálé, ó tún fa kọ́tìnnì. Ẹyin kẹ̀? Ta ni kò mọ̀ nígbà náà pé ọmọ tó bá ń jẹ ẹyin, olè ló máa dà?

Ìyá ìyá mi, àgbẹ̀ kòkó ní Ìjan, gbọ́, ó sì wá. Ó wo ẹsẹ̀ mi títí. Ó ní, "Gbé ọmọ yìí kúrò nínú ulé." Ìyá mi ní ṣé kí òun wá fi ẹyin sọ ọmọ òun di olè ni. Ìyá àgbà ní, "Bó bá tiẹ̀ jalè, ṣebí á lè sá." Ọjọ́ náà gan-an ni mo bá a lọ sí Ìjan.

Àsìkò kòkó ni. Ó gbé mi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní tó sá kòkó sí, pátá nìkan nídìí mi, ó fún mi ní ọ̀pá pé kí n máa lé adìẹ àti ewúrẹ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹkún ni mo ń sun, tí àwọn adìẹ ń tú kòkó ká níwájú mi. Ẹyin sísè láràárọ̀, oòrùn títí wọ́n á fi ká ẹní. Nígbà tó yá, mo ń dìde. Kí ọyẹ́ tó kásẹ̀ nílẹ̀, mo lé òbúkọ kan láti àgbàlá wa dé ojú títì, gbogbo àdúgbò sì jáde wá wò mí. Mo gbádùn ara mi débi pé mo gbàgbé kòkó, àwọn adìẹ sì rí àyè ṣe tiwọn.

Nígbà tí ìyá mi wá mú mi, mo sáré lọ pàdé rẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń fọwọ́ pa mí lórúnkún, ó ń sunkún ayọ̀. Bó ṣe délé ló ká kọ́tìnnì kúrò. Òun fúnra rẹ̀ ló wá ń kó àwọn ìyàwó olùkọ́ yòókù àtọmọ wọn lọ bá nọ́ọ̀sì yẹn. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ẹsẹ̀ ara mi ni mo fi rìn lọ sílé ẹ̀kọ́.

Ayé ti yí padà. Kò sẹ́ni tó ń bẹ̀rù ẹyin mọ́, ṣùgbọ́n kọ́tìnnì ti padà dé. Inú ilé, inú mọ́tò, inú kíláàsì, ibẹ̀ làwọn ọmọ yín ń gbé. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, wọ́n sọ fún ọmọ ọmọ mi ní ọsibítù pé fítámì D, èyí tí oòrùn ń fún ara, kò tó lára ọmọ rẹ̀. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Mo sá ata sórí ẹní níta, mo gbé ọmọ náà jókòó tì í, mo fún un ní ọ̀pá. Láàárọ̀ òní, ó lé adìẹ aládùúgbò yí ilé ká, mo sáré tẹ̀ lé e, mi ò bá a.