Awò Ojú Ìyá Àgbà Nínú Àwòrán Ìpolówó Iyán

Ìyá àgbà tí ó bí bàbá mi fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ìwé ní Ìyìn-Èkìtì kí wọ́n tó kó wá sí Adó. Mo kọ́kọ́ sọ èyí nítorí pé ẹni tí ó bá rí àwòrán wọn ní iwájú ìsọ̀ kò lè mọ̀ ọ́n.

Èmi ni mo fa ọ̀rọ̀ náà. Ní ọdún tí àwọn ológun ń múra àtigbé ìjọba sílẹ̀, ọkùnrin méjì tí wọ́n wá láti Èkó dá mọ́tò dúró lẹ́bàá géètì ilé-ìwé wa. Ọ̀kan ni ọ̀gá, èkejì gbé kámẹ́rà kọ́rùn. Ilé-iṣẹ́ wọn ń ta ìyẹ̀fun iyán, èyí tí a ń fi omi gbígbóná rò láìgún. Wọ́n ń wá ìyá arúgbó kan tí ojú rẹ̀ yóò ta ọjà náà fún àwa ará Èkìtì. Mo ronú sí i, mo sì rí i pé kò sí ojú tí ó dára ju ti ìyá àgbà mi lọ. Mo mú wọn lọ sílé.

Ìyá àgbà gbà fún ìdí kan ṣoṣo. Fọ́tò kan péré ni wọ́n ní, fìlà bàbá àgbà sì bo ìlàjì ojú wọn nínú rẹ̀. Wọn kò fẹ́ kí ó jẹ́ èyí ni a óò gbé síwájú pósí wọn. Ọ̀gá ṣèlérí fọ́tò ńlá tí a lè gbé kọ́ ara ògiri.

Wọ́n wọ aṣọ ọjọ́ Ìsinmi, wọ́n de aago mọ́ ọwọ́, wọ́n wọ bàtà dúdú, wọ́n sì nu awò ojú wọn ní ẹ̀ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n jókòó sórí àga ní àgbàlá.

Ọ̀gá wò wọ́n títí. Ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bọ́ bàtà. Lẹ́yìn bàtà, ó kan aago. Ó mú ìró kan jáde láti inú mọ́tò, tí ó ti ya ní ibi méjì, ṣùgbọ́n etí ibi tí ó ya gún régé, bí ẹni pé àlùmọ́gàjí ni wọ́n fi gé e. Ìyá àgbà lọ ró o.

“Ẹ jọ̀ọ́, Mama, ó ku awò ojú.”

“Ọmọ mi, kí ló kan iyán kan awò ojú?”

“A fẹ́ kí àwọn ará Èkìtì rí ara wọn nínú àwòrán yìí ni.”

“Èmi ńkọ́? Ibo ni mo ti wá?”

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ó ní Mama fẹ́ràn àwàdà. Ìyá àgbà fi awò náà lé mi lọ́wọ́.

A ti ro ìyẹ̀fun náà lórí iná. Ohun tí ọ̀gá fẹ́ ni pé kí ìyá àgbà máa rẹ́rìn-ín, kí wọ́n sì ju ọmọ odó wọn sẹ́yìn, bí ẹni tí ó ti bọ́ lọ́wọ́ iyán gígún. Ìyá àgbà fi ọwọ́ kan ohun tí ó wà nínú ìkòkò, wọ́n ní ó ní kókó. Wọ́n dà á sínú odó, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gún un. Ọ̀gá ní kí wọ́n dúró. Nílé wa, ẹni tí ó bá ti ń gún iyán kì í dúró títí kókó yóò fi tán, ìbáà ṣe àlejò ni ó ń kí i. Ayàwòrán kò mọ ohun mìíràn tí yóò ṣe, ó ń ya fọ́tò lọ. Nígbà tí ìyá àgbà gún un tán, wọ́n bù ú fún àwọn àlejò pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí. Ọ̀gá jẹ ẹ́ tán, ó tún tọrọ sí i.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, páálí ìyẹ̀fun kan dé. Fọ́tò tí ọ̀gá ṣèlérí wà nínú rẹ̀: ìwé ìpolówó ni, tí a ká sí mẹ́rin. Ìyá àgbà wà níbẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán àti ìró yíya, wọ́n na ọmọ odó sókè bí ẹni tí ó fẹ́ bá ènìyàn jà. Ní ìsàlẹ̀ ni a kọ ọ́ sí pé: ARÁ ÈKÌTÌ, Ẹ DẸWỌ́ AGÍDÍ. IYÁN TI RỌRÙN.

Ìyá àgbà kà á bí ẹni tí ó ń ka iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n bi mí bóyá fọ́tò mìíràn wà nínú páálí. Mo tú u dé ìsàlẹ̀; ìyẹ̀fun nìkan ni. Mo tọrọ àforíjì, nítorí pé èmi ni mo mú àwọn ọkùnrin náà wá.

“Mú bíírò wá,” ni wọ́n wí.

Wọ́n ya awò sí ojú ara wọn lórí ìwé náà. Wọ́n ya aago. Wọ́n wọ bàtà sí ẹsẹ̀ méjèèjì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fún mi ní bíírò náà, wọ́n ní irú ìwé náà kan wà ní iwájú ìsọ̀ kan ní Ọjà Ọba, òmíràn sì wà ní Ìgèdè. Mo lọ síbi méjèèjì. Obìnrin tí ó ni ìsọ̀ Ọjà Ọba bi mí pé ta ni ó rán mi. Mo ní ẹni tí ó wà nínú àwòrán ni. Ó wo ìwé náà, ó wò mí, ó ní kí n má gbàgbé bàtà.

Èyí tí ó wà nílé ti wà nínú férémù báyìí. Ìyá àgbà ní kí a gé ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ kúrò, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ọmọ odó, nítorí pé tiwọn ni.