Ikú Bàbá Mi Lẹ́nu Ẹlòmíì

Ọdún kọ̀rónà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí gbọ́ pọ́díkáàsì. Iṣẹ́ aṣọ rírán ni mò ń ṣe ní Rumuibekwe, ní ìlú etí omi kan tó jìnnà sílẹ̀ Yorùbá, ṣọ́ọ̀bù mi sì kọjú sí géètì ẹ̀sìtéètì kan tí àwọn òṣìṣẹ́ báǹkì pọ̀ sí. Ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà mi, obìnrin Ìbàdàn kan tó ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì, dá ètò kan sílẹ̀ lórí fóònù lásìkò tí kálukú wà nílé. Á pe ọ̀jọ̀gbọ́n kan tàbí onímọ̀ kan, wọn á jọ sọ̀rọ̀ fún wákàtí méjì gbáko, lórí ìtàn, lórí èdè, lórí òfin. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ṣe é, àmọ́ bí àlejò bá jẹ́ ọmọ Yorùbá, wọn a máa bọ́ sínú Yorùbá nígbà tí ọ̀rọ̀ bá wọra. Òun fúnra rẹ̀ ló fi abala àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí mi. Ó ní, "Àǹtí, ẹ bá mi gbọ́ ọ, kí ẹ sì sọ òótọ́ fún mi."

Mo fi íápíìsì sétí, mo ń wa máṣíìnì mi, mo ń gbọ́ ọkùnrin kan tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ìmọ̀ nípa odò. Ìwé mẹ́wàá péré ni mo kà. Kò sẹ́ni tó jókòó bá mi sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí obìnrin náà wá gba aṣọ, mo ní, "Ó dára. Àmọ́ o ò bi í pé kí ló dé tí àwọn ará etí odò ò kúrò níbẹ̀ nígbà tí omi ń wọ ilé wọn."

Ó yọ fóònù, ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Láti ìgbà náà, kó tó gba ohùn àlejò kankan sílẹ̀, á yà lọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ Sátidé, á sọ ẹni tó ń bọ̀ fún mi, èmi náà á ro ìbéèrè tí mo bá ní. Tí abala bá jáde, màá gbọ́ ìbéèrè mi lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ìbéèrè ńlá nìyẹn." Inú mi á dùn bí ẹni pé èmi ni wọ́n yìn. N kò ní kó dárúkọ mi. Òun ló fẹnu ara rẹ̀ sọ pé, "Lọ́jọ́ kan, ẹ̀yin gan-an ni màá gbà lálejò."

Ó sì gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ rẹ̀ wá lọ́sàn-án Sọ́ńdè kan. Mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó bi mí nípa bàbá mi.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi. Ẹrù ló ń rù ní wáàfù, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń já ẹrù, Borokiri ní ìlú yìí kan náà la sì ń gbé. Ìyá mi ti kú, àwa méjèèjì ló kù. Á sọ Yorùbá sí mi, èmi á fi Píjìnì dá a lóhùn. Ohun tí mo gbọ́ nínú Yorùbá nígbà náà ò ju wá, lọ, jẹun, sùn. Ọdún tí àwọn ológun gbé ìjọba fún alágbádá ni mo gba ìwé pé kí n wá kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ kan nílẹ̀ Yorùbá. Bàbá mi kọ̀ jálẹ̀. Ta ni màá fi òun sílẹ̀ fún? A ò bá ara wa sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Lẹ́yìn náà ni àìsàn dá a dúbúlẹ̀.

Ibi tí mo sọ ọ́ dé nìyẹn tí mo ní kó pa ẹ̀rọ náà. Ó pa á, mo rí àtàǹpàkò rẹ̀ tó tẹ̀ ẹ́. Mo ní, "Kò sẹ́ni tó gbọ́ èyí rí. Ọmọ mi pàápàá ò mọ̀ ọ́n."

Mo wá sọ fún un pé láàárọ̀ ọjọ́ kan, bàbá mi di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Mo ti yọ̀ǹda ẹ." N kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní yọ̀ǹda. Mo rò pé ó ń béèrè nǹkan ni. Mo ní, "Yes, Bàbá," mo jáde lọ bu omi. Kí n tó gbé ife dé, ó ti kú. Lójú tèmi, ó kú láìgbà kí n lọ. N kò lè torí pé ó ti kú ṣe ohun tó kọ̀ fún mi nígbà tó wà láyé. Mo jẹ́ kí ọjọ́ ìwọlé kọjá, mo lọ kọ́ṣẹ́ télọ̀.

Ó tó ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn náà tí mo lọ ra láínìn, aṣọ tí a máa ń rán sí inú aṣọ, ní ọjà Oil Mill. Bàbá ará Ọ̀yọ́ tí mo máa ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀ ń dá obìnrin kan tó parí iṣẹ́ kíkọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó gbé ọwọ́ lé e lórí, ó ní, "Mo ti yọ̀ǹda ẹ. Máa lọ, á yẹ ọ́." Mo bi ìyá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pé kí ni bàbá yẹn wí. Ó ní, "E say e don free am. Make she dey go." Mo fi láínìn sílẹ̀ níbẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni mo pinnu pé màá kọ́ Yorùbá dáadáa, kódà bí mo ti dàgbà tó.

Bí mo ṣe sọ ọ́ tán, obìnrin báǹkì náà ń sunkún. Ó di ọwọ́ mi mú.

Abala tèmi ò jáde. Ó ní ariwo jẹnẹrétọ̀ ló ba ohùn náà jẹ́. Mo gbà á gbọ́.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ó gba ọ̀jọ̀gbọ́n onímọ̀ èdè kan lálejò, kò sì wá béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi lọ́sẹ̀ náà. Mo ń ṣẹ́ etí aṣọ lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ ohùn rẹ̀ tó ní, "Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Nígbà tí bàbá mi ń kú lọ, wọ́n sọ ọ̀rọ̀ kan fún mi tí mi ò gbọ́."

Ó sọ gbogbo rẹ̀. Ó sọ ti omi, ó sọ ti ife. Ó sọ ti láínìn tó fi sílẹ̀ lọ́jà. Wáàfù nìkan ló yọ kúrò, ó sọ bàbá náà di òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì, ó sì ní òun ò gbọ́ Yorùbá nígbà èwe òun. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní, "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi." Pẹ̀lẹ́ tí mo ti ń retí láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọge, òun ni wọ́n kí.

Mo dá a padà sẹ́yìn, mo tún un gbọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, bóyá etí mi ló ṣì í gbọ́.

Ó dé lọ́jọ́ Sátidé láti gba aṣọ méjì. Mo ní, "Bàbá ta ló kú?"

Ó jókòó. Ó ní, "Àǹtí, mi ò dárúkọ yín. Mo rò pé mò ń dáàbò bò yín ni."

"Bàbá rẹ wà láyé ní Ìbàdàn. Èmi ni mo rán ṣòkòtò tí o mú lọ fún un ní Kérésì."

Ó wo ilẹ̀. "Ìtàn náà tóbi ju kó wà nínú ṣọ́ọ̀bù yìí lọ. Tí mo bá ní ti télọ̀ mi ni, wọn ò ní fọkàn sí i tó bẹ́ẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju olè tó jà lọ. Gbogbo Sátidé tó fi jókòó sórí àpótí mi, ojú tó fi ń wò mí nìyẹn. Mo di aṣọ rẹ̀ méjèèjì sínú ọ̀rá, mo gbé e fún un, mo ní kó wá télọ̀ mìíràn. Ó ṣèlérí pé òun á yọ abala náà kúrò.

Kò yọ ọ́. Oṣù kejì, ọmọbìnrin mi tó wà ní yunifásítì fi í ránṣẹ́ sí mi. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Mummy, listen to this one. I cry tire." Nígbà tó wálé, mo sọ fún un pé bàbá mi ni, bàbá àgbà rẹ̀ ni.

Ó ní, "So stranger know am before me?"

Mo ní ó ṣe mí bí ìtìjú, pé n kò fẹ́ kó mọ̀ pé mo kàn sọ "yes" fún bàbá tó ń kú lọ. Ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn, kò sì bá mi jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. N kò lè bínú sí i. Àjèjì ni mo fún ní ohun tó yẹ kí n fún un.

Lọ́jọ́ kejì ó kọ ọ́ sójú ewé ètò náà pé bàbá àgbà òun ni wọ́n ń sọ, ará wáàfù ni, ìyá òun ló bu omi. Wákàtí kan ò pé tí wọ́n fi pa á rẹ́. Ó tún un kọ, wọ́n ti ilẹ̀kùn ètò náà mọ́ ọn, kò lè kọ nǹkan kan síbẹ̀ mọ́.

Abala náà ṣì wà níbẹ̀. Àwọn èèyàn ṣì ń bá obìnrin náà kẹ́dùn lábẹ́ rẹ̀, wọ́n ń gbàdúrà pé kí Ọlọ́run tẹ́ bàbá rẹ̀ sí afẹ́fẹ́ rere.