Òfin Ọmọ Ọlọ̀tẹ̀ ní Sokoura

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan dìde ní kíláàsì Bíbélì wa, ó ka òfin kan nínú ìwé Diutarónómì, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì bú sẹ́rìn-ín. Òfin náà ni pé bí bàbá àti ìyá bá bí ọmọ tó ya alágídí àti ọlọ̀tẹ̀, tí wọ́n bá a wí títí tí kò gbọ́, kí wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbà ní ẹnubodè ìlú, kí àwọn ará ìlú sì sọ ọ́ lókùúta pa. Mi ò bínú sí ẹ̀rín wọn. Ta ni yóò gbà pé òbí kan lè ṣe bẹ́ẹ̀? Ṣùgbọ́n bí mo ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, "ọlọ̀tẹ̀", ẹ̀gbọ́n mi ni mo rántí. Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ jókòó kí n sọ ìdí rẹ̀ fún yín.

Bouaké, ìlú kan ní ìhà àríwá Abidjan, ni wọ́n bí mi sí, ní àdúgbò Sokoura, nínú agboolé kan tí igi dóńgóyárò ńlá ṣíji bò. Àwa Yorùbá wà ní apá kan, àwọn Baoulé àti Dioula wà ní apá kejì, èdè mẹ́ta sì wà lẹ́nu àwa ọmọdé. Dioula la fi ń bú ara wa, Faransé la fi ń purọ́ fún olùkọ́, àmọ́ bí ẹgba bá dún lára ẹni, Yorùbá nìkan la mọ̀ ọ́n fi sunkún. Páàtì kẹ̀kẹ́ ni Bàbá wa ń tà lọ́jà. Ghana ni wọ́n ti lé e wá ní ọdún 1969, nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, ó sì ti búra pé òun kò tún ní sá kúrò níbi kankan mọ́ láyé òun.

Nítorí náà, nígbà tí àwọn ọmọ ogun tó dìtẹ̀ sí ìjọba gba ìlú ní ọdún 2002, tí àwọn èèyàn wa ń kó lọ sí Abidjan, tí àwọn mìíràn ń padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, Bàbá wa ra àgádágodo tuntun, ó sì jókòó. Báńkì tì, ilé ìwé tì. Inú àwa ọmọdé kọ́kọ́ dùn sí ti ilé ìwé, àfi ìgbà tí Màmá wa rí iṣẹ́ fún gbogbo ọwọ́ tó wà nílẹ̀.

Bọ̀ọ̀dá Dáre ni àkọ́bí wa. Òun ló máa ń fi kẹ̀kẹ́ gbé mi lọ sílé ìwé láàárọ̀, tí á máa kọrin kí n má baà sùn jábọ́. Ó kù díẹ̀ kó jáde ní lísè, ilé ìwé girama, nígbà tí ogun dé. Wọ́n bí òun náà síbẹ̀, síbẹ̀ Anago, orúkọ tí wọ́n ń pe àwa Yorùbá, ni wọ́n ń pè é, nígbà tó sì lọ gba káàdì ìdánimọ̀, wọ́n ní kó padà sí ìlú rẹ̀. Àwọn ọlọ̀tẹ̀ ní irú ìwọ̀sí bẹ́ẹ̀ làwọn ń jà sí. Kò pẹ́ tí òun náà fi gbé ìbọn lẹ́yìn wọn.

Bàbá wa sọ fún un pé, "Àlejò kì í dá sí ìjà onílé."

Ó dáhùn pé, "Ẹ̀yin lẹ jẹ́ àlejò, Bàbá. Èmi ò ti ibì kankan wá."

Láti ọjọ́ náà ni kò ti sùn nílé mọ́.

Ìyá Bísí, opó kan tó ń ta abọ́ tánganran, ló gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ wá sílé wa. Àwọn ọmọ ogun kan fọ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, wọ́n kó o láìku ṣíbí. Ó wá jókòó sí iwájú ilé wa, gèlè rẹ̀ lọ́wọ́. Ó ní, "Dáre wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìbọn. Ó rí mi, ó yí ojú." Bẹ́ẹ̀ kọmáńdàn àwọn ọlọ̀tẹ̀ ti kéde pé ẹnikẹ́ni tó bá piyẹ́, wọn yóò yìn ín níbọn. Ní bárààjì, ìdínà tó wà lẹ́nu ọ̀nà tó wọ ìlú, ló máa ń jókòó tí á máa dá ẹjọ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, Bọ̀ọ̀dá Dáre yọ. Ó ti rù. Ó ní òun ò mú nǹkan kan, wọ́n ní kí òun dúró sẹ́nu ọ̀nà ni. Ó jẹun, ó sì sùn lọ lórí ẹní. Bàbá wa ti ilẹ̀kùn yàrá náà láti ìta, ó sì ránṣẹ́ pe Pásítọ̀ kó wá ṣe ẹlẹ́rìí. Bàbá wa ṣí Bíbélì sí òfin tí mo sọ yẹn. Ó ní bárààjì ni ẹnubodè, kọmáńdàn ni àgbà, òun yóò mú ọmọ òun lọ síbẹ̀.

Pásítọ̀ wa jẹ́ èèyàn jẹ́jẹ́ tí bàtà rẹ̀ máa ń ké bí ọmọ adìyẹ. Ó ní ìwé Faransé ńlá kan nípa ẹ̀kọ́ àwọn Júù, tí a máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìrọ̀rí rẹ̀ ni. Ó gbé e wá.

"Bàbá Dáre, àwọn rábì, àwọn olùkọ́ òfin àwọn Júù, ti jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí ṣáájú wa. Òfin ní kí bàbá àti ìyá sọ pé ọmọ ò gbọ́ ohùn àwọn. Ohùn kan. Rábì kan ní àfi kí ohùn àwọn méjèèjì bá ara mu, kí ìrísí àti ìdúró wọn bá ara mu. Bí ìyá ò bá fẹ́, kò ṣeé ṣe. Bí ọ̀kan bá fọ́jú tàbí yarọ, kò ṣeé ṣe. Wọ́n wá ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò sí rí, kò sì ní sí láé. Kí a lè máa kẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n ṣe kọ ọ́."

Bàbá wa rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dé ojú. "Ẹ̀rù òfin ló bà wọ́n, Pásítọ̀, ni wọ́n bá fi ọgbọ́n dì í lókùn. Bí Ọlọ́run ò bá fẹ́ kó ṣẹlẹ̀, ṣé kò mọ bí wọ́n ṣe ń pa nǹkan rẹ́ ni?"

Olóòótọ́ ni Pásítọ̀, òótọ́ náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Ó tún ṣí ìwé. Ó ní rábì mìíràn wà tó takò wọ́n, tó ní òun rí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rí, òun sì jókòó lórí ibojì rẹ̀.

Màmá wa tó ń ṣa ìrẹsì gbé ojú sókè.

"Ta ni ìyá ọmọ yẹn?"

Pásítọ̀ ṣí ewé kan, ó ṣí òmíràn. "Wọn ò kọ ọ́, mà."

"Wọn ò kọ ọ́." Ó gbé ìrẹsì kalẹ̀. "Bàbá Dáre, ohùn mi ò sí nínú tiyín. Tí ẹ bá ń lọ, ohùn kan ṣoṣo lẹ máa gbé lọ."

Bàbá wa fi ìka kan ìwé náà. "Ìyá Bísí ńkọ́? Nínú ìwé ńlá yìí, ta ló rántí ẹni tí wọ́n jà lólè?" Pásítọ̀ pa ìwé náà dé.

Bàbá wa wọlé, ó jí ọmọ rẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú bí ẹni di ọwọ́ ọmọ jẹ́léósinmi mú. Ní ẹnu ọ̀nà agboolé, apá òsì ló lọ sí bárààjì, apá ọ̀tún ló lọ sílé Ìyá Bísí. Ó dúró. Màmá wa fi ọwọ́ di èjìká mi mú títí ó fi dùn mí. Bàbá wa yà sí ọ̀tún.

A tẹ̀ lé wọn. Bọ̀ọ̀dá Dáre dọ̀bálẹ̀ nínú eruku. Ìyá Bísí ní, "O rí mi, o yí ojú." Ó ní, "Ojú ló tì mí, mà." Obìnrin náà ò sọ pé òun dárí jì í. Ó ní kó dìde, kó lọ, kò sì wo ibi tó gbà. Bàbá wa pín ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sí méjì, ó fún Ìyá Bísí ní apá tó kọjú sí títì. Ibẹ̀ ló ti ń ta abọ́ títí ó fi darúgbó.

Bọ̀ọ̀dá Dáre gba ọ̀nà Bobo, ìlú kan ní ìkọjá ààlà, jáde nílùú, ó sì sọdá sí Kumasi ní Ghana. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù kò rí ẹni fà á sẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ló mú un lọ bá kọmáńdàn, kò sì padà wá. Ọmọ lísè ni òun náà.

Mo ti ka púpọ̀ lórí òfin yìí láti ìgbà náà. Títí di òní, mi ò gbà pé àwọn rábì yẹn túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà bó ṣe wà. Wọ́n sá fún un ni, mo sì ń dúpẹ́ pé wọ́n sá. Ohun tó ń bà mí nínú jẹ́ ni pé òfin náà ṣì wà lórí ìwé fún ẹni tí kò ní olùkọ́, tó sì ń bínú. Àánú tí wọ́n fi bò ó kò sí lójú ìwé kan náà pẹ̀lú rẹ̀.

Bárààjì ti kúrò. Ilé ìwé kún fún ọmọ. Bàbá wa ti darúgbó, kò sì tíì bá Bọ̀ọ̀dá Dáre sọ̀rọ̀ lójúkojú. Ṣùgbọ́n bí fóònù bá dún láti Kumasi, tí Màmá wa gbé e, Bàbá á rọra fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn, á ní, "Bi í léèrè bóyá òjò ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn."