Ìwé Tí Mo Bá Bàbá Mi Kọ

Kí títì ńlá tó dé, òórùn ẹja tí ìyá mi ń yan lẹ́yìn ilé ló máa ń jí wa ní Àjá. Lẹ́yìn náà ni katakata dé. Wọ́n hú igbó àgbọn, wọ́n fi yanrìn dí àbàtà, wọ́n da ọ̀dà gbígbóná lé e lórí, òórùn méjèèjì sì bẹ̀rẹ̀ sí í dàpọ̀ wọlé láràárọ̀, ẹja yíyan àti ọ̀dà. Mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún báyìí. Bí mo bá gba ibi tí wọ́n ti ń tún títì ṣe kọjá, tí òórùn yẹn kan imú mi, màá fi ìborùn mi bo imú títí n ó fi kọjá. Títì kò ṣẹ̀ mí. Àwọn tí wọ́n wá dúró lórí rẹ̀ ló ṣẹ̀ mí.

Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà létí ọ̀sà, ẹ ó rántí bí a ṣe yọ̀ mọ́ títì náà. Nírọ̀lẹ́, a máa ń fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí rẹ̀ nítorí ooru tó kù nínú rẹ̀. Ọkọ̀ kò tíì pọ̀ nígbà náà. Bí ọ̀kan bá ń bọ̀ láti apá Ẹ̀pẹ́, a ó ti gbọ́ ìró rẹ̀ tipẹ́ kí a tó rí i, a ó sì dìde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ìgbà tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ ni àwọn ọlọ́pàá dé, bí eṣinṣin ṣe ń tẹ̀lé agbọ̀n ẹja. Wọ́n yí àgbá méjì sí ibi tí ọ̀nà oníyanrìn tiwa ti já sí títì, wọ́n gbé igi dábùú lé wọn. Bí ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀ ṣe di ẹni tó ń ṣàlàyé ibi tó ń lọ fún àlejò nìyẹn, kó tó lè jáde nílé bàbá rẹ̀.

Bàbá mi ta ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ tó tóbi jù, ó fi ra alùpùpù. Òun ló fi ń gbé ẹja ìyá mi lọ sí Ọbáléndé kí oòrùn tó mú, ẹja náà ló sì ń rán àwa ọmọ mẹ́rin nílé ìwé. Òun fúnra rẹ̀ kò kàwé. Ó lè wo àwọ̀ omi kó sọ ibi tí ẹja wà fún ọ, ṣùgbọ́n kò mọ lẹ́tà kan yàtọ̀ sí èkejì. Inú ọ̀rá ló tọ́jú ìwé àṣẹ ìwakọ̀ rẹ̀ sí, á sì máa yọ ọ́ han àlejò bí ẹni ń fi àwòrán ìyàwó hàn. Bí àwa ọmọ bá jà, tí ọ̀kan sáré wá fẹjọ́ sùn, kò ní dá a lóhùn títí èkejì á fi dé. Á ní, "Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà." Ó wí i títí tí a fi ń sín in jẹ lẹ́yìn rẹ̀.

Ìjọ aláṣọ funfun ni a wà. Ẹni tó bá mọ irú wa mọ̀ pé bí a bá ti gbé aṣọ yẹn wọ̀, bàtà di èèwọ̀ títí a ó fi bọ́ ọ. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, ẹnu ọ̀nà yàrá ni bàtà bàbá mi máa ń wà, ó máa ń kọjú wọn sí ògiri.

Èmi ni àkọ́bí, èmi sì ni akọ̀wé ilé. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí nígbà náà. Tíṣà wa fẹ́ràn àpèkọ ju gbogbo iṣẹ́ lọ. Á máa rìn láàárín wa, á máa pe ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwa á máa kọ ọ́. Ẹni tó bá béèrè ìtumọ̀ á gba ẹgba. "Iṣẹ́ tìrẹ ni kí o kọ ohun tí o gbọ́," ló máa ń wí. N kò gba ẹgba rí. Ìwé tèmi ni wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ ògiri kí àwọn yòókù lè wò ó. N kò ní dárúkọ tíṣà náà, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kó yé e, níbi yòówù tó bá wà, pé òun náà ní ìpín nínú ọ̀rọ̀ tí mo ń sọ yìí.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, èmi àti bàbá mi nìkan la wà lórí alùpùpù, a wọ funfun, a ń lọ fún ìsìn. Ìyá mi àti àwọn àbúrò mi ti fẹsẹ̀ rìn ṣáájú. Sájẹ́ǹtì kan na ọwọ́ sí wa níbi igi náà, bàbá mi sì dúró. Ọkùnrin náà kò ju àbúrò bàbá mi lọ lọ́jọ́ orí. Ó gba ìwé inú ọ̀rá, ó wò ó síwá sẹ́yìn, kò rí nǹkan kan. Ló bá wo ilẹ̀.

"Aládùúrà, bàtà rẹ dà?"

Bàbá mi ní kí ó má bínú, aṣọ àdúrà ló wà lọ́rùn òun, a kì í wọ bàtà sí i. Sájẹ́ǹtì ní títì ìjọba kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì, pé ẹni tí kò wọ bàtà ti rú òfin. Ibẹ̀ ni bàbá mi ti béèrè ohun tó sọ ọ́ di ọ̀daràn. Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi béèrè, ohùn ẹni tó fẹ́ mọ̀ lóòótọ́.

"Òfin wo ni, ọ̀gá? Ẹ sọ ọ́ fún mi, kí n lè sọ fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa."

Sájẹ́ǹtì rẹ́rìn-ín. Ó kọjú sí èkejì rẹ̀ tó jókòó lábẹ́ igi àgbọn. "Ẹ wá wo lọ́yà tí kò ní bàtà." Èkejì náà rẹ́rìn-ín. Kí ẹ̀rín wọn tó tán, wọ́n ti yọ kọ́kọ́rọ́ alùpùpù.

Ní àgọ́ wọn, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni wọ́n fi bàbá mi jókòó sí lẹ́yìn káńtà, pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀. Wọ́n ní kó kọ sítétímẹ́ǹtì, ìyẹn ohun tó bá fẹ́ wí láti gbèjà ara rẹ̀. Ó ní òun kò mọ̀ ọ́n kọ. Ó sì fi ìgbéraga kún un, Ọlọ́run dárí jì í: "Ṣùgbọ́n ọmọ mi mọ̀wé."

Sájẹ́ǹtì mú mi wọ yàrá kejì, ó fún mi ní ìwé àti bírò. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ó wò ó láti ẹ̀yìn mi, ó fa ìwé náà ya, ó gbé òmíràn fún mi. Ó ní bẹ́ẹ̀ kọ́ ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Òun á máa pè, kí èmi máa kọ, bí mo bá sì yára, a ó tètè lọ sílé. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í pe Gẹ̀ẹ́sì, ó ń rìn lọ rìn bọ̀ gẹ́gẹ́ bíi tíṣà wa. Bí ẹni pé bàbá mi ló ń sọ̀rọ̀ ló ṣe ń pè é: pé wọ́n dá mi dúró, n kò dúró. Pé mo bú ọlọ́pàá lẹ́nu iṣẹ́. Pé mo darí alùpùpù kọ lù ú. Pé mo jẹ̀bi, mo sì tọrọ àforíjì.

N kò ní purọ́ ní ọjọ́ ogbó mi. Kò sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tí kò yé mi. Mo mọ̀ pé bàbá mi kò bú ẹnikẹ́ni. Àmọ́ àgbà ló ń pè é, aláṣọ ìjọba ni, èmi sì ni ọmọ tí kì í béèrè ìtumọ̀. Nígbà tí mo parí, ó gbé ìwé náà sókè sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. "Ọmọ yìí, ọwọ́ rẹ dára o." Ẹ gbọ́ ohun tó ń bà mí nínú jẹ́ jù lọ: inú mi dùn.

Wọ́n fi tàdáwà pa àtàǹpàkò bàbá mi, ó tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀ ìwé náà. Kò ní kí n kà á fún òun. Ọmọ rẹ̀ ló kọ ọ́.

Wọn kò jẹ́ kí bàbá mi lọ sílé. Èmi nìkan ni wọ́n ní kí n máa lọ. Lọ́jọ́ kejì, èmi àti ìyá mi lọ sí ilé ẹjọ́, wọ́n sì ka ìwé náà. Ògbufọ̀ ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá gbólóhùn kan lẹ́yìn èkejì, ibẹ̀ sì ni bàbá mi ti kọ́kọ́ gbọ́ ohun tó wí. Mo rí i bí orí rẹ̀ ṣe ń yí díẹ̀díẹ̀, títí ojú rẹ̀ fi bá tèmi pàdé.

Adájọ́ bi í bóyá ìka rẹ̀ ni. Ó ní ìka òun ni. Adájọ́ ní ta ló bá a kọ ọ́.

Bàbá mi wo sájẹ́ǹtì tó dúró sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ó tún wò mí. Ó mọ̀ pé bí òun bá dárúkọ mi, inú àpótí ẹlẹ́rìí ni wọ́n ó pè mí sí, ojú ọlọ́pàá náà ni n ó sì ti sọ pé irọ́ ló pè. Ìyá mi di ọwọ́ mi mú bí ẹni fẹ́ já a.

"Ẹnì kan tó mọ̀wé ni mo bẹ̀," ni bàbá mi wí. "Ohun tó wà níbẹ̀ náà ni."

Oṣù kan ló lò lẹ́wọ̀n. Alùpùpù náà kò kúrò lẹ́yìn àgọ́ wọn mọ́. Koríko hù gba àárín táyà rẹ̀ jáde. Wòlíì wa wá kí ìyá mi, ó ní ṣé kò sàn kí bàbá mi ti wọ bàtà dé ẹnu géètì ṣọ́ọ̀ṣì kó tó bọ́ ọ ni. Ọkùnrin náà kò lọ sí àgọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti sọ pé ẹ̀kọ́ ìjọ ni. Ìgbà tí ó pẹ́, òun náà ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Láìwọ bàtà ló ń jókòó sẹ́yìn rẹ̀, ọlọ́pàá a sì máa kí i.

Ọjọ́ tí bàbá mi dé, ó bá mi níbi tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ ilé ìwé. Ó dúró, ó wo ìwé náà fún ìgbà pípẹ́, òun tí kò mọ̀ ọ́n kà. "Ọwọ́ rẹ dára," ló wí, ó sì kọjá lọ. Kò fi ṣe ẹ̀gàn. Ìbá sàn kó nà mí.

Ó padà sójú omi nínú ọkọ̀ ọlọ́kọ̀. Inú igbó ló ń gbà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì títí ó fi kú, kí ó má baà kan igi yẹn. Àbúrò mi méjì kúrò nílé ìwé lọ́dún náà. Èmi tí mo kọ̀wé ni wọ́n ní kí n máa lọ.

Mo lọ, mo kà á débi tó dé. Mo ṣe tíṣà títí mo fi fẹ̀yìn tì. Mo yẹ gbogbo ìwé òfin ìrìnnà tí ọwọ́ mi tó wò, n kò rí ibi tí ó ti ní kí aláṣọ àdúrà wọ bàtà. Lọ́dún tó kọjá, mo rí àwòrán sájẹ́ǹtì náà lára ògiri kan ní Ṣàngótẹ̀dó. Ìkéde òkú ni. Ó ti di ọ̀gá ńlá kó tó fẹ̀yìn tì. Àwọn ọmọ rẹ̀ kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé olóòótọ́ ni, pé bàbá rere ni. Mo dúró nínú oòrùn, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó kọ èyí náà, bóyá wọ́n kàn pè é fún un ni.

Ìdí tí mo fi jókòó kọ ìrántí yìí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ó ku nǹkan kan.

Ní oṣù tó kọjá, mo wọ kẹ̀kẹ́ màrúwá láti Jakande, níbi tí mò ń gbé, mo ń lọ sí Àjá. Ọlọ́pàá kan dá wa dúró lọ́sàn-án gangan. Ó ní sílípáàsì ni awakọ̀ náà wọ̀. Awakọ̀ náà, baba ọlọ́mọ tí irun rẹ̀ ti ń funfun, béèrè ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí. Ẹ ti mọ irú ẹ̀rín tó tẹ̀lé e. Wọ́n ní a ń lọ sí àgọ́, èmi náà sì ní n kò ní sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé ìwé wá, ọkùnrin náà ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ ọ́, n kò kàwé púpọ̀."

Mo gba bírò náà. Ìka mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, n kò lè dá a dúró. Mo ní kó sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Bó ṣe ń sọ ọ́ ni mo ń kọ ọ́, lẹ́tà kan ń gun èkejì lórí.

Ọlọ́pàá náà sún mọ́ mi. Ohùn rẹ̀ dùn. "Màmá, ọwọ́ yín ń gbọ̀n. Ẹ jẹ́ kí n máa pè é fún yín, kó lè yá."

"Jẹ́ kó máa gbọ̀n," ni mo wí.

Ìgbà tí mo parí, ìwé náà burú lójú. Kò sí tíṣà tó máa lẹ irú rẹ̀ mọ́ ògiri. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá yẹn kọ tirẹ̀ láìsí àbàwọ́n kan. Mo ní kí ọkùnrin náà má tíì fọwọ́ sí i. Mo kà á sí i létí ní Yorùbá láti òkè dé ìsàlẹ̀, sókè tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó wà lẹ́yìn káńtà fi gbọ́ gbogbo rẹ̀, mo sì bi í bóyá ohun tí ó wí nìyẹn.

Ó ní ohun tí òun wí ni. Mo wá gbé bírò náà fún un.