Wọn Kò Jẹ́ Kí Bàbá Mi Fẹsẹ̀ Rìn

Ní Kútọnu, bí àgbàlagbà bá ń fẹsẹ̀ rìn lójú títì, ohun tí a máa ń rò ni pé kò lówó ọkọ̀. Bí o bá wọ bàtà ìsáré àti ṣòkòtò péńpé, tí o ń sáré lẹ́bàá ògiri pápákọ̀ òfurufú ní Cadjèhoun, wọ́n á mọ̀ pé eré ìdárayá lò ń ṣe, wọ́n á fi ọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kí arúgbó wọ dàńṣíkí àti sálúbàtà, kó máa rọra lọ, àánú ẹ̀ á ṣe gbogbo ayé. Àánú yẹn ló pa bàbá mi. Mo mọ ohun tí mò ń sọ.

Láti Ṣakété ni bàbá mi ti wá, alùpùpù èrò tí à ń pè ní sémíjàn ni wọ́n sì fi tọ́ wa. Nígbà tí ara kò gbé e mọ́, wọ́n di olórí àwọn onísémíjàn ìkóríta wa ní Gbégamey. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà tó máa gbé èrò láàárọ̀ kó má kọ́kọ́ wá kí wọn nílé.

Dọ́kítà ló sọ fún wa pé àtọ̀gbẹ ti wọ bàbá mi lára. Ó ní kí wọ́n máa rìn láràárọ̀, kí wọ́n dín àkàsà kù, kí wọ́n máa jẹ ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà dáadáa, kí wọ́n sì jìnnà sí ṣúgà. Bí wọn kò bá ṣe é, ó ní ẹsẹ̀ ni àrùn yẹn sábà máa ń bá jà. Ó yẹ ẹ̀jẹ̀ tèmi náà wò, ó mi orí, ó ní kí èmi náà máa rìn.

Ti oúnjẹ kò le, nítorí èmi ni mò ń sè é. Mo sọ ẹ̀fọ́ gbọ̀mà di ọbẹ̀ ojoojúmọ́. Bàbá mi ní ṣé mo fẹ́ sọ àwọn di ewúrẹ́ ni, wọ́n sì jẹ ẹ́ tán. Ìrìn ló di ogun. A kì í tíì kúrò ládùúgbò kí alùpùpù kan tó dúró.

“Bàbá, kí ló dé? Ẹ gùn, ẹ gùn!”

“Mò ń rìn ni, ọmọ mi.”

“Ẹ̀yin kẹ̀? Lójú wa? Ẹ má jẹ́ káyé bú wa o.”

Bàbá mi á gùn ún. Ní ọjọ́ tí mo bá ti tètè lọ sí ìsọ̀ mi ní Ganhi, ó tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: àwọn ọmọ náà á gbé wọn lọ mu kókó, ẹ̀kọ gbígbóná tí ṣúgà kún inú rẹ̀, kí wọ́n tó dá wọn padà sílé.

Mo gbéra lọ bá àwọn onísémíjàn náà ní ìkóríta, mo pariwo, gèlè mi já sílẹ̀. “Ẹ̀ ń pa wọ́n ni!” Wọ́n bẹ̀ mí, wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọ̀kan nínú wọn gbé bàbá mi, ó ní òun rọra wà á kí afẹ́fẹ́ lè fẹ́ sí wọn lára. Mi ò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín tàbí kí n gbá a létí.

Mo ra bàtà ìsáré. Bàbá mi yí i lọ, wọ́n yí i bọ̀, wọ́n ní kí n fún ọmọ ọmọ àwọn.

“Bàbá, kí ló dé tí ẹ ò lè kọ̀ fún wọn?”

“Bí mo bá kọ̀, á rò pé mo bínú sí òun. Àgbà kì í fi ìbínú rán ọmọ lọ sójú títì.”

Níbi tí bàbá mi ti ń ṣe àlùwàlá ni mo ti rí egbò kan nísàlẹ̀ orúnkún wọn. Páìpù èéfín alùpùpù ló jó wọn. Kò sí ẹni tí kò ní irú àpá bẹ́ẹ̀ nílùú yìí, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ bàbá mi ti kú, wọn kò mọ̀ ọ́n lára rárá, ó sì ti ń rùn. Wọn kò mọ ẹni tó ni alùpùpù náà. Bí wọ́n bá tilẹ̀ mọ̀ ọ́n, wọn kò ní sọ.

Wọ́n gé ẹsẹ̀ náà. Àwọn ọmọ ìkóríta kó sikirẹrí, ohun mímu dídùn inú ìgò, wá kí wọn nílé ìwòsàn, mo sì kó gbogbo rẹ̀ jù síta níṣojú wọn. Ojú egbò kò tíì jiná tí bàbá mi fi kú.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, àwọn ọmọ náà kò gbà kí ọkọ̀ gbé òkú. Wọ́n fi alùpùpù wọn sílẹ̀ ní ìkóríta, wọ́n gbé bàbá mi sí èjìká, gbogbo wọn fẹsẹ̀ rìn dé itẹ́ òkú. Ìrìn tí mo ti ń bẹ̀bẹ̀ fún nìyẹn. Inú bí mi débi pé omi kò jáde lójú mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo wọ bàtà ìsáré tí wọ́n kọ̀, mo jáde. N kò tíì rìn jìnnà tí alùpùpù kan fi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ojú ọmọkùnrin náà ti wú fún ẹkún.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ gùn. N kì í gbowó lọ́wọ́ ọmọ olórí wa.”

Mo wo bàtà mi. Mo wo ojú rẹ̀. Bí mo bá kọ̀, á rò pé mo bínú sí òun.

Mo ká ìró mi sókè, mo gbé ẹsẹ̀ jìnnà sí páìpù, mo gùn ún.