Ọjọ́ Tí Mo Ní Kí Kẹ́hìndé Má Yó

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fún mi láyè díẹ̀ kí n ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi níbi iṣẹ́, torí mi ò lè dá a pa mọ́ra. Ẹ mọ̀ pé èmi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Tí a bá ti pé mẹ́ta níbì kan, èmi lẹ máa rí tí mo ń wo ilẹ̀! Ṣùgbọ́n ti eléyìí, ẹ jẹ́ kí n fi yangàn díẹ̀.

Ọmọ Ìrólú ni mí. Kíláàsì kejì ní sẹ́kọ́ńdìrì ni mo ti kúrò nílé ìwé. Báyìí, ilé iṣẹ́ bíríkì kan lẹ́bàá Ògìjo ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Orí òkè ni a ti ń wa amọ̀, ìsàlẹ̀ ni ààrò tí a fi ń sun ún wà. Ojú irin ló so òkè mọ́ ìsàlẹ̀, ọkọ̀ ojú irin kékeré méjì tó ń lo bátìrì ló sì ń fa wágọ̀nù amọ̀ sọ̀kalẹ̀. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa ṣáàjì wọn ní ṣẹ́ẹ̀dì orí òkè.

Ilé iṣẹ́ kan náà ló ṣe ọkọ̀ méjèèjì. Ara kan náà, ọ̀dà kan náà, kódà ìjókòó dẹ́rẹ́bà wọn ò yàtọ̀. Ìdí nìyẹn tí Bàbá Káyọ̀dé, olórí wa ní ṣẹ́ẹ̀dì, fi sọ wọ́n ní Táíwò àti Kẹ́hìndé. Táíwò ti pẹ́ níbẹ̀, Kẹ́hìndé ò tíì ju oṣù mẹ́ta lọ nígbà náà. Bí Bàbá ṣe sọ wọ́n lórúkọ tán ni wọ́n ṣòfin: ohun tí a bá fún Táíwò, a gbọ́dọ̀ fún Kẹ́hìndé. Ta ni kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú àwa ọmọ Yorùbá? Tí mo bá nu ọ̀kan, mo gbọ́dọ̀ nu èkejì. Tí bátìrì ọ̀kan bá kún, tèkejì gbọ́dọ̀ kún.

Ni wọ́n bá ń pè mí ní Ìyá Ìbejì! Bọ̀dá Rẹ̀mí tó ń wa Kẹ́hìndé á dé láàárọ̀, wọ́n á ní, "Ìyá Ìbejì, ṣé àwọn ọmọ ti jẹ ẹ̀wà?" Èmi á kàn rẹ́rìn-ín, màá sá wọ ẹ̀yìn ẹ̀rọ.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ń bọ́ ọmọ lójoojúmọ́, ṣé kò ní mọ ìwà wọn ni? Inú àwọn méjèèjì yàtọ̀ o! Mọ́tò inú Táíwò, ẹ̀rọ oníná tó ń mú un rìn, ní kábọ́ọ̀nù tó ń fara ha irin tó ń yí. Ó máa ń tán díẹ̀díẹ̀ bíi ṣọ́ọ̀kì, èmi ni mo sì ń gbá eruku dúdú rẹ̀. Kẹ́hìndé ò ní kábọ́ọ̀nù rárá. Tí Táíwò bá fẹ́ gbéra, á kọ́kọ́ ta gìjà. Kẹ́hìndé á yọ́ lọ bí ológbò.

Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ jù ni bí wọ́n ṣe ń sọ̀kalẹ̀ òkè. Agbára tí Táíwò fi ń di ara rẹ̀ mú máa ń di ooru. Wáyà kan wà lórí rẹ̀ tó máa ń pọ́n bíi ti sítóòfù oníná. Ẹ má fọwọ́ kàn án o! Kẹ́hìndé ò ní irú wáyà bẹ́ẹ̀. Tó bá ń sọ̀kalẹ̀, ṣe ni mọ́tò rẹ̀ máa ń di jẹnẹrétọ̀, tí á máa dá iná padà sínú bátìrì. Ọjọ́ kan tí mo bá Bọ̀dá Rẹ̀mí jókòó nínú rẹ̀ ni wọ́n fi mítà bátìrì hàn mí: ọwọ́ rẹ̀ ń yí sí òdìkejì! Mo ní háà, Kẹ́hìndé tó dé kẹ́yìn ni ẹ̀gbọ́n lóòótọ́.

Kò pẹ́ tí òfin ìbejì yẹn dé ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Nínú ìrìn àkọ́kọ́ láàárọ̀, tí Kẹ́hìndé bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀, á kàn kú lójijì. Bíréèkì oníná ò ní mú mọ́, Bọ̀dá Rẹ̀mí á wá máa fi gbogbo agbára yí bíréèkì ọwọ́. Lọ́jọ́ Ajé kan, wágọ̀nù méjì yẹ̀ kúrò lójú irin, amọ̀ sì dà sílẹ̀ bẹẹrẹbẹ. Ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run, kò sẹ́ni tó fara pa.

Ẹnjiníà, ọ̀gá gbogbo wa, bínú gan-an. Wọ́n ní eré àsápajúdé ni Bọ̀dá Rẹ̀mí ń sá. Wọ́n ní tó bá di ọjọ́ Ẹtì, àwọn fúnra àwọn máa wá wò ó, tí Kẹ́hìndé bá sì tún kú lójú àwọn, kí Bọ̀dá Rẹ̀mí kó ẹrù wọn máa lọ sílé. Bọ̀dá Rẹ̀mí búra títí, ta ló dá wọn lóhùn? Bàbá Káyọ̀dé ní bóyá Kẹ́hìndé ń bínú pé oúnjẹ òun ò tó ti Táíwò, kí n yáa rí i pé ó yó dáadáa. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó tún burú sí i!

Lọ́jọ́rú, wọ́n mú iná lọ kí Kẹ́hìndé tó kún. Ẹ̀rù bà mí. Ṣé ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀? Ó sọ̀kalẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, kò kú! Mo wá ronú sẹ́yìn. Àwọn ọjọ́ tí iná ti lọ báyìí rí ńkọ́? Kò kú láwọn ọjọ́ yẹn náà! Àárọ̀ tí mo bá bọ́ ọ yó nìkan ló ń kú. Mo rántí ọwọ́ mítà yẹn. Tí bátìrì bá ti kún dẹ́nu, ibo ni iná tí Kẹ́hìndé ń dá padà fẹ́ wọlé sí? Ẹni tó ti yó, tí ẹ tún ń ti òkèlè bọ̀ lẹ́nu, ṣé kò ní pa ẹnu dé ni?

Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni mo fi ń wá bí mo ṣe máa sọ fún Bàbá. Mi ò lè sọ ọ́. Ta ni mí?

Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, tí Kẹ́hìndé kù díẹ̀ kó kún, mo yọ wáyà tí mo fi ń ṣáàjì rẹ̀. Bàbá sì rí mi.

"Kí lò ń ṣe yẹn? Táíwò ṣì ń jẹun, o gba abọ́ lọ́wọ́ Kẹ́hìndé? O fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín ìbejì ni?"

Ẹnjiníà ti dé. Gbogbo ojú yí sí mi. Ó ṣe mí bíi kí n sá wọ ẹ̀yìn ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n mo wo Bọ̀dá Rẹ̀mí níbi tí wọ́n jókòó sí, tí wọ́n káwọ́ gbera, tí wọn ò bá ẹnikẹ́ni ṣàwàdà.

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Wọn kì í ṣe ìbejì. Ara lásán ni wọ́n fi jọra."

Ẹnjiníà ní kí n gbóhùn sókè. Mo gbé e sókè! Mo sọ ti wáyà tó ń pọ́n, mo sọ ti ọwọ́ mítà, mo sọ ti àwọn ọjọ́ tí iná lọ. Wọ́n bi mí pé ta ló kọ́ mi. Mo ní kò sẹ́ni tó kọ́ mi, èmi ni mo kàn ń bọ́ wọn.

Ẹnjiníà wọ inú Kẹ́hìndé, wọ́n jókòó ti Bọ̀dá Rẹ̀mí. Kẹ́hìndé sọ̀kalẹ̀ láì kú. Nígbà tí wọ́n padà dé, Ẹnjiníà ní kí n bọ́ ọ yó, wọ́n sì so wágọ̀nù kan ṣoṣo mọ́ ọn kí wọ́n má baà kó sí ewu. Ibi tó máa ń kú sí gan-an ló kú sí! Mo rí àwọn méjèèjì lókèèrè tí wọ́n jọ di bíréèkì ọwọ́ mú.

Nígbà tí wọ́n padà dé ṣẹ́ẹ̀dì, Ẹnjiníà sọ̀kalẹ̀, wọ́n bẹ Bọ̀dá Rẹ̀mí lójú gbogbo wa. Wọ́n ní àwọn náà ti ka ọkọ̀ méjèèjì sí ọ̀kan, àti pé èdè ìwé tó bá Kẹ́hìndé wá ò yé ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Bàbá Káyọ̀dé ńkọ́? Mo rò pé wọ́n máa bínú, mo tún kúnlẹ̀. Wọ́n mi orí, wọ́n ní, "Orúkọ tí mo sọ ẹ̀rọ ni mo fẹ́ẹ́ fi lé ọmọ ọlọ́mọ kúrò níṣẹ́!" Wọ́n sì fà mí dìde lórí ìkúnlẹ̀.

Ẹnjiníà wá gbé ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì lé mi lọ́wọ́ pé kí n kọ òfin tuntun sára ògiri ṣẹ́ẹ̀dì. Èmi! Láti ọjọ́ tí mo ti kúrò nílé ìwé, mi ò kọ nǹkan tí gbogbo èèyàn máa kà rí. Mo kọ ọ́ gàdàgbà: TÁÍWÒ, KÓ YÓ. KẸ́HÌNDÉ, KÓ MÁ YÓ. Ó ṣì wà níbẹ̀ di òní. Tí mo bá ń kọjá, mo máa ń dúró kà á bí ẹni pé mi ò rí i rí.

Ohun tí mo rí kọ́ nìyí: ẹni méjì lè jọra kí ohun tó wúlò fún ọ̀kan má wúlò fún èkejì, ẹni tó sì ń tọ́jú wọn lójoojúmọ́ ló tètè ń mọ̀. Tí ẹ bá mọ nǹkan, ẹ sọ ọ́, bí ẹ tilẹ̀ máa kúnlẹ̀ sọ ọ́!

Ẹ̀yin ńkọ́? Ǹjẹ́ ẹ ti mọ ohun kan rí níbi iṣẹ́ tí àwọn ọ̀gá yín ò mọ̀? Ṣé ẹ sọ ọ́, àbí ẹ gbé e mì? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún mi. Mo lè má tètè dáhùn, torí ojú ṣì máa ń tì mí, ṣùgbọ́n màá ka gbogbo rẹ̀.